Àwọn Ewéko tí ń Fara Da Irin Olóró: Ohun tí Wọ́n Lè Ṣe fún Ilẹ̀ Ìwakùsà àti Ohun tí Wọn Kò Lè Ṣe

Ní agbègbè Iléṣà àti ní ìjọba ìbílẹ̀ Àtàkúmọ̀sà méjèèjì, ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wa wúrà. Ìgún, Ìtagúnmọ́dì àti Ìpẹ́ríndó wà lára àwọn ìlú tí orúkọ wọn kì í gbẹ́yìn bí a bá ń sọ̀rọ̀ wúrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí awakùsà bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, ohun tí ó sábà máa ń fi sílẹ̀ ni kòtò tí omi pupa kún inú rẹ̀, òkìtì yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí koríko pàápàá ń sá fún, àti ọ̀gbàrá ẹrẹ̀ tí ń ṣàn wọ odò. Odò Ọ̀ṣun, tí ó gba inú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kọjá, igbó tí àjọ UNESCO fi sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005, wà lára àwọn odò tí ẹrẹ̀ yìí ti yí àwọ̀ wọn padà.

Àgbẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ oko kòkó rẹ̀ dà sílẹ̀ yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan wà tí òun lè gbìn tí yóò fa oró kúrò nínú ilẹ̀ náà. Irú ewéko bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, àwọn onímọ̀ sì ti ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ewéko wọ̀nyí ń ṣe. Èkíní ni pé kí wọ́n di oró mú sójú kan kí ó má bàa rìn. Èkejì ni pé kí wọ́n fà á jáde kúrò nínú ilẹ̀. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ lè fi owó àti ọ̀pọ̀ ọdún ṣòfò, ó sì lè fi ìlera àwọn ọmọ rẹ̀ wewu. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn.

Bí irin ṣe ń di oró

Irin olóró ni a óò máa pe òjé, mẹ́kúrì, kádímíọ̀mù àti àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó sì ka ásẹ́níkì mọ́ wọn. Inú òkúta ni púpọ̀ nínú wọn wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, wọn kò sì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu níbẹ̀. Nígbà tí a bá hú òkúta náà jáde, tí a fọ́ ọ, tí a lọ̀ ọ́ kúnná, tí òjò àti afẹ́fẹ́ sì kàn án, ni wọ́n ń rí ọ̀nà dé inú omi, inú eruku àti inú oúnjẹ. Mẹ́kúrì ní tirẹ̀ kì í ṣe ará inú ilẹ̀ náà rárá ní ọ̀pọ̀ ibi: àwọn awakùsà ni wọ́n ń rà á wá láti fi kó wúrà jọ.

Irin kì í jẹrà bí ìdọ̀tí mìíràn. Bí a bá da epo bẹntiróò sílẹ̀, àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ lè jẹ ẹ́ tán bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́. Òjé tí ó wà nínú ilẹ̀ lónìí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ wa bá ti di arúgbó, àfi tí ẹnìkan bá kó o kúrò.

A ti rí ohun tí òjé lè ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé wọn láìmọ̀ pé òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn oníṣègùn àjọ Médecins Sans Frontières àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ṣàwárí pé àwọn ọmọdé ń kú níbẹ̀, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọ tí ó lé ní 400 ni májèlé náà pa. Ẹnikẹ́ni kò gbin ewéko kankan láti fi wo ilẹ̀ Dareta, Yargalma tàbí Bagega sàn. Wọ́n wa erùpẹ̀ òkè kúrò ni, wọ́n gbé e lọ sin sí ibi tí a ti pèsè sílẹ̀ fún un, wọ́n sì da erùpẹ̀ mímọ́ sí ipò rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ tí ń ṣeré lórí ilẹ̀ náà kò lè dúró de kí ewéko hù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń ka ìyókù.

Àwọn ewéko tí ń gbé inú oró

Ewéko púpọ̀ ni yóò kú bí a bá gbìn wọ́n sórí òkìtì tí ó kún fún bàbà tàbí síńkì. Àwọn díẹ̀ kì í kú. Ní ilẹ̀ Wales, níbi tí wọ́n ti wa òjé, síńkì àti bàbà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ọ̀mọ̀wé Tony Bradshaw àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàkíyèsí pé koríko lásán tí ń hù ní pápá ẹran tún ń hù lórí àwọn òkìtì náà. Wọ́n mú irúgbìn koríko orí òkìtì, wọ́n mú ti pápá tí ó wà nítòsí, wọ́n sì gbin méjèèjì sínú ilẹ̀ olóró. Ti pápá kú, ti òkìtì sì yè. Irú kan náà ni wọ́n lójú, ṣùgbọ́n láti ìran dé ìran, kìkì èyí tí ó lè fara da oró ni ó ń so èso lórí òkìtì, títí tí ìran tuntun fi jáde. Láti inú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti yan irúgbìn tí wọ́n tà fún ìtọ́jú ilẹ̀ ìwakùsà, tí wọ́n sì fi orúkọ ibi ìwakùsà pè wọ́n: Goginan fún ilẹ̀ kíkan tí òjé àti síńkì wà nínú rẹ̀, Parys fún ilẹ̀ bàbà.

Àwọn koríko wọ̀nyí kì í fa irin lọ sí ewé wọn lọ títí. Gbòǹgbò wọn ni wọ́n fi ń dá a dúró. Irú iṣẹ́ yìí ni ó wúlò jù fún wa. Bí koríko bá bo òkìtì, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé eruku rẹ̀ wọ ilé, òjò kò sì ní lè wọ́ ọ lọ sí odò.

Ẹgbẹ́ kejì ni ti àwọn tí ń fa irin mu bí ẹni tí ń fa omi mu. Ní ọdún 1976, Tanguy Jaffré àti àwọn onímọ̀ tí ó bá a ṣiṣẹ́ sọ nípa igi kan ní erékùṣù New Caledonia tí oje rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù tí ó dàpọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé. Nígbà tí wọ́n gbẹ oje náà, tí wọ́n sì wọ̀n ọ́n, nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì gidi. Igi náà ń kó irin tí ó yẹ kí ó pa á pamọ́ sínú àwọn àpò kéékèèké inú ara rẹ̀, níbi tí kò ti ní lè ṣe é ní jàǹbá, bí ìyá ilé ti máa ń gbé oògùn eku sókè àjà kí ọwọ́ ọmọ má bàa tó o. Àwọn onímọ̀ gbà pé oró náà ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ kòkòrò tí ìbá jẹ ewé rẹ̀.

Ti ásẹ́níkì ni ó sún mọ́ wa jù. Ní ọdún 2001, Lena Ma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà kéde pé fẹ́ẹ̀nì kan, Pteris vittata, ń hù dáadáa lórí ilẹ̀ tí oògùn ìtọ́jú pákó ti bà jẹ́, ásẹ́níkì inú ewé rẹ̀ sì lè ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Ní orílẹ̀-èdè China, wọ́n ti gbìn ín ní oko ní agbègbè Chenzhou tí iṣẹ́ ìwakùsà bà jẹ́. Fẹ́ẹ̀nì yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Òun ni ewéko tí kì í tanná, tí ewé rẹ̀ gùn tí ó sì là bí ìyẹ́ ẹyẹ, tí a máa ń rí lára ògiri àtijọ́ àti létí gọ́tà. Ọ̀pọ̀ wa ni a ti fà á tu láìmọ orúkọ rẹ̀.

Akíntọ́lá àti jogbo

Nínú àwọn ewéko tí gbogbo ènìyàn mọ̀ níhìn-ín, méjì ni a fẹ́ dárúkọ. Ewé Akíntọ́lá, èyí tí ó máa ń gba oko tí a bá fi sílẹ̀, ni àwọn olùwádìí ní Thailand ṣàyẹ̀wò ní ibi ìwakùsà òjé kan tí wọ́n ń pè ní Bo Ngam. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, òjé tí wọ́n bá nínú igi àti ewé rẹ̀ lé ní mílígíráàmù 1,000 nínú kílógíráàmù kan tí ó ti gbẹ, ti inú gbòǹgbò sì lé ní 4,000. Jogbo, tí àwọn mìíràn ń pè ní agbálẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n yòò létí títì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta gbìn pẹ̀lú òdòdó oòrùn sínú ilẹ̀ tí wọ́n fi òjé àti síńkì sí, tí wọ́n sì rí i pé àwọn méjèèjì fa irin náà. Ọdún 2010 ni àbájáde ìwádìí náà jáde.

Ìròyìn bí èyí máa ń dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kí a tó yọ̀.

Ká gbà pé ilẹ̀ kan jẹ́ hẹ́kítà kan, òjé inú rẹ̀ sì jẹ́ mílígíráàmù 1,000 nínú kílógíráàmù erùpẹ̀ kan. A fẹ́ kí ó wálẹ̀ sí 400, ìwọ̀n tí àjọ EPA ti Amẹ́ríkà lò fún ọgbà ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ ọ́ di 200 ní ọdún 2024. Bí a bá wo erùpẹ̀ òkè nìkan, sẹ̀ǹtímítà 20 péré, erùpẹ̀ hẹ́kítà kan yóò wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 2,600. Òjé tí a gbọ́dọ̀ kó jáde jẹ́ kílógíráàmù 1,560. Bí Akíntọ́lá bá fún wa ní tọ́ọ̀nù 10 ewé àti igi gbígbẹ lọ́dọọdún, tí gbogbo rẹ̀ sì ní mílígíráàmù 1,000 bíi ti Thailand, kílógíráàmù 10 péré ni a óò máa kó jáde lọ́dún. Iṣẹ́ náà yóò gba ọdún 156. Kí a tó lè parí rẹ̀ lónìí, ìbá ti yẹ kí a ti gbin Akíntọ́lá náà ṣáájú kí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877.

Bẹ́ẹ̀ ìṣirò wa yìí ti ṣe ojúrere sí ewéko náà jù. Ilẹ̀ Bo Ngam kún fún òjé ju èyí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lọ; lórí ilẹ̀ tí òjé rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, ohun tí ewé yóò fà kò ní tó bẹ́ẹ̀. Òjé máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ pinpin, gbòǹgbò kì í sì í fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ewé. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn kan da kẹ́míkà EDTA sí ilẹ̀ kí òjé lè tú sílẹ̀ fún ewéko láti fà. Òjé tú sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ bá omi òjò lọ sí ìsàlẹ̀, sí ọ̀nà omi kànga. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí abúlé yín láti ta irúgbìn tàbí oògùn tí yóò “fọ òjé kúrò ní oṣù mẹ́fà”, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ra á.

Ti ásẹ́níkì sàn díẹ̀. Bí ásẹ́níkì bá jẹ́ 100 tí a sì fẹ́ kí ó di 40, kílógíráàmù 156 ni ó yẹ kí ó jáde láti inú hẹ́kítà kan. Bí fẹ́ẹ̀nì bá fún wa ní tọ́ọ̀nù 3 ewé gbígbẹ lọ́dún, tí ásẹ́níkì inú rẹ̀ sì jẹ́ 3,000, ọdún 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ẹbí tí ó ní sùúrù, tí kò sì nílò ilẹ̀ náà fún oúnjẹ, lè dáwọ́ lé e.

Mẹ́kúrì burú jù lọ ní ti èyí. Ìwọ̀nba ni ewéko lè fà nínú rẹ̀, apá kan sì máa ń di oru tí ń padà sínú afẹ́fẹ́. Ọ̀nà tí ó dára jù lọ láti tọ́jú mẹ́kúrì ni kí ó má dé ilẹ̀ rárá.

Ewu tí ó wà nínú ewéko tí ń fa oró

Ohun tí ó mú ewéko wúlò fún fífọ ilẹ̀ ni ó mú un léwu nínú ìkòkò. Ewéko tí ó fa oró kò pa oró náà run. Ó kàn gbé e láti inú erùpẹ̀ wá sí ojú ilẹ̀ ni, níbi tí ewúrẹ́ àti ènìyàn ti lè jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tí a máa ń gbìn sí etí odò nítorí omi rẹ̀, wà lára àwọn ẹ̀fọ́ tí ń fa kádímíọ̀mù dáadáa. Ó lè tutù yọ̀yọ̀ kí ó sì kún fún oró. Ojú kò lè rí irin inú ewé, ahọ́n kò sì lè tọ́ ọ wò. Fífi omi fọ̀ ọ́ yóò mú eruku ara rẹ̀ kúrò, ìyẹn sì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò ní mú ohun tí gbòǹgbò ti fà kúrò.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbin ẹ̀fọ́ sórí òkìtì ìwakùsà tàbí sí ibi tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn gbà, àfi tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé kò sí ewu. Ẹ má ṣe já ewé Akíntọ́lá níbẹ̀ láti fún sójú ọgbẹ́. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń lò ó láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ti ibòmíràn ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí màlúù tàbí ewúrẹ́ jẹ koríko ibẹ̀.

Bí a bá gé ewéko tí a fi fọ ilẹ̀, kò yẹ kí a sun ún ní gbangba, nítorí ásẹ́níkì àti kádímíọ̀mù lè bá èéfín lọ, eérú tí ó kù yóò sì le ju ewé lọ. A kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ajílẹ̀ tàbí igi ìdáná. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ní òkè òkun máa ń jó o nínú iná ìléru tí ó ní asẹ́ èéfín, tàbí kí wọ́n sin ín sí ibi tí omi kò lè gbà jáde. Ibi tí a óò kó ewé lọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ kí a tó gbin ẹyọ kan ṣoṣo.

Ohun tí a lè ṣe ní agbègbè wa

Fún ọ̀pọ̀ òkìtì tí ó wà ní ìpínlẹ̀ wa, a gbà pé dídi oró mú ni ó mọ́gbọ́n wá ju fífà á jáde lọ. Àyẹ̀wò ni ó ṣáájú. Kí a bu erùpẹ̀ láti ojú ibi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ilẹ̀ náà, kí ó jinlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí a pò wọ́n pọ̀ nínú ọpọ́n oníke, kí a má lo garawa onípáànù nítorí síńkì tí ó wà lára rẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ wà ní àwọn yunifásítì wa àti ní IITA ní Ìbàdàn. Ẹ bèèrè òjé, ásẹ́níkì, kádímíọ̀mù àti mẹ́kúrì ní orúkọ, nítorí àyẹ̀wò ajílẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ sábà máa ń ṣe kì í wo àwọn wọ̀nyí.

Lẹ́yìn náà ni kí a tẹ́ ojú òkìtì kí ó má dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ jù, kí a sì fi ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jinná, ajílẹ̀ ewé àti ẹfun bọ́ ọ. Ẹfun ń dín ìkan ilẹ̀ kù, ó sì ń mú kí òjé àti kádímíọ̀mù ṣòro fún gbòǹgbò láti fà. Ṣùgbọ́n bí ásẹ́níkì bá wà níbẹ̀, kí a ṣọ́ra fún ẹfun àti ajílẹ̀ tí fọ́sífétì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí wọ́n lè tú ásẹ́níkì sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Koríko fẹ́tífà ni a óò kọ́kọ́ ronú kàn fún gbígbìn. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ ju mítà 3 lọ, ó ń fara da ilẹ̀ kíkan, ó sì máa ń tọ́jú ọ̀pọ̀ jù lọ irin tí ó bá fà sínú gbòǹgbò. Wọ́n ti lò ó lórí òkìtì ìwakùsà ní Australia, China àti South Africa. Kí a gbìn ín ní ìlà tí ó dábùú gẹ̀rẹ́, kí ó lè dá ẹrẹ̀ dúró kí ó tó dé odò. Tí koríko bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, a lè fi igi kún un. Ní àgbègbè Jos, níbi tí wọ́n ti wa tánganran, igi yúkálíptọ́ọ̀sì ni wọ́n gbìn káàkiri orí àwọn òkìtì. Ó rí igi ìdáná àti òpó fún àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ kì í hù lábẹ́ rẹ̀, ojú ilẹ̀ sì ń wà ní ìhòòhò fún ọ̀gbàrá. A kò gbà wá nímọ̀ràn láti gbin òun nìkan.

Ibi tí àwọn ọmọdé ń gbé tàbí tí wọ́n ń ṣeré yàtọ̀ pátápátá. Bí òjé bá pọ̀ nínú agbo ilé tàbí ọgbà ilé ìwé, kí a má ṣe gbin nǹkan kan kí a máa wò ó. Kí a kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí a fi tó ilé ìwòsàn àti ìjọba ìbílẹ̀ létí, kí a sì ṣe bí wọ́n ti ṣe ní Zamfara.

Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Òfin Ohun Àlùmọ́ọ́nì àti Ìwakùsà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2007, ti dáhùn ìbéèrè yìí fún àwọn tí ó ní ìwé àṣẹ. Ó ní kí wọ́n gbé ètò ààbò àyíká àti àtúnṣe ilẹ̀ kalẹ̀, ó sì dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àtúnṣe náà. Òfin kan náà ni ó dá ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí MIREMCO sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí baálẹ̀ tàbí ẹbí kan tó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú awakùsà, kí wọ́n bèèrè láti rí ètò àtúnṣe ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì wo ohun tí ó sọ nípa erùpẹ̀ òkè: ṣé wọn yóò kó o pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè dá a padà, tàbí wọn yóò dà á pọ̀ mọ́ òkúta ìsàlẹ̀? Erùpẹ̀ òkè tí a bá tọ́jú láti ọjọ́ kìíní kò wọ́n rárá sí owó tí a óò fi wá òmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ti àwọn awakùsà tí kò ní ìwé àṣẹ ni ó le, nítorí nígbà tí a bá ń wá ẹni tí yóò tún ilẹ̀ ṣe, wọ́n ti lọ. Bí ẹ bá rí wọn ní ìlú yín, ẹ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ àti MIREMCO létí nígbà tí kòtò ṣì kéré, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí wọn sílẹ̀.